Irú Kókó Wo Ni? Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Kọ́kọ́ Bi Dókítà

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ká sọ ọ́ nígbà tí ara gbogbo wa ṣì le. Ọjọ́ tó bá dé bá ẹnì kan nínú ilé, ọkàn á ti pòrúurùu, kò ní sẹ́ni tó máa ráyè jókòó ronú.

Ọ̀rọ̀ kókó inú ọpọlọ ni.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ní Lágbájá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á ya síkáànù, wọ́n á ní kókó wà nínú ọpọlọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orí WhatsApp ti gbóná. Ẹnì kan á ní ẹ gbé e lọ sílé kíákíá. Ẹlòmíì á ní wòlíì kan wà lórí òkè kan. Ẹlòmíì á ní Alfa kan wà ní Ìlọrin tí irú èyí ò ṣòro fún. Ẹnì kan tí àbúrò rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà á ní Íńdíà ni kí wọ́n gbé e lọ. Owó á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìfẹ́ ló ń fa gbogbo èyí, Ọlọ́run á sì san án fún olúkálukú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́: irú kókó wo ni?

Èrò wa ni pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Kó ṣáájú ìrìn àjò, kó ṣáájú títa ilẹ̀. Láàbù ni ìdáhùn rẹ̀ wà, nínú ẹran tíńtín tí wọ́n gé lára kókó náà. Bí ìdáhùn bá sì dé, ẹni tó ni ara ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí à ń pè ní kókó ọpọlọ yìí kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Èyí tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ wà, meningioma ni wọ́n ń pè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, tí dókítà bá sì rí i yọ tán, ọ̀pọ̀ ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èyí tó ti ibòmíì wá náà wà, bí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró tó ràn dé inú orí. Èyí tó sì hù látinú ọpọlọ fúnra rẹ̀ wà, òun ni wọ́n ń pè ní glioma. Glioma náà tún ní ẹ̀yà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, pín wọn sí ìpele, láti 1 dé 4. Ìpele 1 rọjú jù, ìpele 4 ló burú jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì le jù nínú wọn fún àgbàlagbà ni glioblastoma. Ìpele 4 ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá glioblastoma mọ̀ láàárín àwọn yòókù? Ọ̀kan nínú ohun ńlá tí wọ́n ń wò ni iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Sókótó mọ ohun tí omi ń fojú èèyàn rí nígbà ooru. Ká ní àdúgbò tuntun kan yọ lẹ́yìn ìlú. Ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, páìpù omi ò sì dé ibẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì ṣì ń rí omi pọn, àwọn tó wà láàárín gbùngbùn ò rí nǹkan kan. Wọ́n á pariwo, mai ruwa á máa ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, kò ní tó. Níkẹyìn, àwọn kan á lọ fọ́ páìpù ńlá lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà so ó, wọ́n á fa omi wọ àdúgbò. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni. Rọ́bà á lọ́, á wé mọ́ra, á máa jò níbi gbogbo. Láìpẹ́, ẹrẹ̀ á ti gba ojú ọ̀nà, ilé aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí rin.

Ohun tí glioblastoma ń ṣe nínú orí gan-an nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pọ̀ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè bọ́ lọ. Àwọn tó wà láàárín ò rí atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú síbẹ̀. Àwọn tí ebi ń pa á máa tú èròjà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní VEGF. Igbe tí wọ́n ń ké nìyẹn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á gbọ́ igbe yẹn, á máa ya ẹ̀ka lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kánjúkánjú ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run dá sínú ọpọlọ dì pinpin, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni kò jẹ́ kó kọjá. Àwọn tuntun yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ́ júujùu, ara wọn nípọn gọ̀lọ̀tọ̀, wọ́n sì ń jò. Omi á máa jáde látinú wọn sínú ọpọlọ, ọpọlọ á máa wú. Egungun agbárí ò sì lè fẹ̀. Níbo ni omi fẹ́ gbà? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́rí fi ń jí èèyàn láàárọ̀, tí èébì ń gbé e, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ọwọ́ kan tàbí ẹsẹ̀ kan ń rọ, tí àgbàlagbà tí kò ní wárápá rí á ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Nígbà míì ìwà ló máa kọ́kọ́ yí padà. Ẹni jẹ́jẹ́ á di oníbìínú, ìyàwó á rò pé ọkọ òun ti ní obìnrin níta, àwọn ará ilé á ní wọ́n ti ṣe é.

Jíjò yẹn náà ló ń ran dókítà lọ́wọ́ láti rí kókó náà. Ẹ ti lè ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá fẹ́ ya síkáànù orí, wọ́n á máa gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ kan sí apá, wọ́n á tún un yà. Oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn ò lè gba ara iṣan tó dáa kọjá wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n níbi tí iṣan ti ń jò, á jáde, ibẹ̀ á funfun lójú fíìmù. Glioblastoma sábà máa ń rí bí òrùka funfun tí àárín rẹ̀ dúdú. Àárín dúdú yẹn ni ibi tó ti kú.

Ṣùgbọ́n fíìmù nìkan ò tó láti dájọ́. Eéwo inú ọpọlọ lè rí bí òrùka, ikọ́ àwúgbẹ tó wọ orí náà lè jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìwòsàn wà fún àwọn yẹn. Ìdí nìyí tá a fi ní láàbù ni ìdáhùn wà. Dókítà oníṣẹ́ abẹ á mú díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n á kì í sínú oògùn tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á dà á mọ́ inú ìda, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ láró. Dókítà mìíràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní pathologist, á wá fi awò wò ó. Ohun méjì wà lára ohun tó ń wá: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣù jọ, tí ara rẹ̀ nípọn, àti ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kú lọ rẹpẹtẹ. Nínú ìlànà tí WHO gbé jáde ní 2021, bí glioma àgbàlagbà tó ń ràn káàkiri inú ọpọlọ, tí kò ní àyípadà tí wọ́n ń pè ní IDH, bá ní ọ̀kan ṣoṣo nínú àmì méjèèjì yẹn, glioblastoma ni, ìpele 4. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn tún wà tó lè gbé e dé ipò yẹn bí iṣan ò tiẹ̀ tíì yí padà.

Ẹ dúró díẹ̀ síbi tá a dé yìí o, kẹ́nì kan má lọ fi ìdajì ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà ẹnikẹ́ni. Kókó kan wà tó sábà máa ń mú ọmọdé, pilocytic astrocytoma lorúkọ rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà máa ń ṣù jọ bákan náà. Síbẹ̀, ìpele 1 ni. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà, tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́, tó ń ṣègbéyàwó. Àmì kan náà, ìtumọ̀ méjì. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó yẹ kó ka ọ̀rọ̀ kan nínú èsì àyẹ̀wò, kó lọ wá a lórí Google, kó wá máa sunkún tàbí kó máa yọ̀. Ẹni tó kọ èsì ló yẹ kó túmọ̀ ẹ̀, pẹ̀lú dókítà tó mọ ọjọ́ orí aláìsàn àti ibi tí kókó náà jókòó sí.

Kí wá ni ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún ẹ̀mí èèyàn? Ẹ jẹ́ ká fi oye lé e. Ní 2005, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Kánádà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 573 tó ní glioblastoma. Wọ́n fi ìtànṣán nìkan tọ́jú ìdajì wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi oògùn temozolomide kún ti ìdajì yòókù. Fún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, àárín gbùngbùn ọjọ́ ayé wọn lẹ́yìn náà jẹ́ oṣù 12.1. Fún àwọn tó gba méjèèjì, ó jẹ́ oṣù 14.6. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, bíi mẹ́wàá ló ṣì wà láàyè. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, ó lé ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Títí di òní, ìtọ́jú yẹn ṣì ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé.

Ẹ má ṣi nọ́ńbà yẹn lóye. Kì í ṣe pé wọ́n ti kọ ọjọ́ ikú ẹnì kan síbẹ̀. Ká ní a to gbogbo àwọn èèyàn yẹn sórí ìlà láti orí ẹni tó kọ́kọ́ lọ dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ẹni tó wà láàárín gan-an ni oṣù 14.6 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdajì ti lọ ṣáájú, ìdajì kọjá ibẹ̀, àwọn díẹ̀ sì pẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ. Ọjọ́ orí, agbára ara, iye tí wọ́n rí yọ nínú kókó náà, àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní MGMT nínú èsì àyẹ̀wò, gbogbo rẹ̀ ló ń ti nọ́ńbà yẹn síwá sẹ́yìn. Ẹ wá fi wé glioma mìíràn, oligodendroglioma: pẹ̀lú ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ló ń lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó ọpọlọ ni wọ́n ń pe méjèèjì lẹ́nu. Ọ̀kan fún ọ lóṣù, èkejì fún ọ lọ́dún púpọ̀. Ṣé ìpinnu tí ìdílé máa ṣe lórí owó, lórí ilé, lórí ọmọ, lè jẹ́ bákan náà fún méjèèjì? Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè béèrè pé, tó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ kókó yìí, kí ló dé tí wọn ò kúkú dí iṣan náà pa? Ìbéèrè gidi ni. Dókítà Amẹ́ríkà kan, Judah Folkman, ló ti kọ ọ́ láti 1971 pé kókó jẹjẹrẹ ò lè tóbi láìfa iṣan tirẹ̀, pé tí a bá dá a dúró níbẹ̀, ebi á pa á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí oògùn tó ń di VEGF mú. Bevacizumab lorúkọ ọ̀kan tó gbajúmọ̀. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún glioblastoma tó padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n ní 2014, ìwádìí ńlá méjì jáde lórí àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Oògùn náà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí kókó tó tún dàgbà lójú fíìmù, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á kò pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ó lè mú kí wíwú inú orí rọlẹ̀, ìyẹn náà ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn olówó gọbọi ni. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó lọ ta ilé nítorí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ọjọ́ mélòó ló máa fi kún un, àbí fíìmù nìkan ló máa tún ṣe?

Oògùn kan tún wà tí kò wọ́n rárá, tó sì ń tan ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ. Dexamethasone ni. Ó máa ń dín jíjò iṣan yẹn kù, wíwú á sì rọlẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹni tí kò lè dìde á jókòó, á béèrè àmàlà, á máa pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rí á bẹ̀rẹ̀! Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi òróró sí i lórí, òróró ló gba ìyìn. Tó bá jẹ́ àgbo ló mu, àgbo ló gba ìyìn. Wọ́n á ní kí ló tún kù tá à ń ṣe ní ọsibítù, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á sì dá oògùn náà dúró lójijì. Kókó ò kúrò níbì kan o. Omi ló fà. Bí wọ́n bá dá oògùn yẹn dúró ṣàdéédé, wíwú á padà, ara fúnra rẹ̀ sì lè dákú torí ó ti gbára lé e. A ò ní kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà. Àwa náà ń gbàdúrà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. A kàn ń sọ pé ara tó yá lọ́sẹ̀ kan nítorí dexamethasone, àkókò tó yẹ ká lò fún iṣẹ́ abẹ ni. Kì í ṣe àkókò ká kẹ́rù.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wa níbí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà dé láti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ yẹn. Nígbà náà, ẹni tó bá ń ṣàìsàn ọpọlọ ní òkè Ọya kò ní ibi méjì tó máa kọjú sí. Ìgbà yẹn ti kọjá. Ní UDUTH, Ọsibítù Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Usmanu Danfodiyo tó wà láàárín wa níbí, ibùdó iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè yìí, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bello Bala Shehu wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn aláìsàn ń ti Kébbí àti Zamfara wá bá wọn. Ẹ̀ka ìtànṣán fún jẹjẹrẹ náà wà ní ọsibítù kan náà. Ṣé ó wá yẹ kí àwa tó ń gbé ìlú yìí máa ru aláìsàn wa kọjá ẹnu ọ̀nà wọn láì tíì bi wọ́n léèrè?

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Láti Sókótó, ẹ gba Jega, ẹ gba Yauri, ẹ dé Kontagora, ẹ dé Mokwa, ẹ sọdá Ọya ní Jẹ́bà, kẹ́ ẹ tó fojú kan Ìlọrin. Odindi ọjọ́ ni, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ dáa, bí ọkọ̀ ò bá sì bàjẹ́. Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń dáná lọ́nà. Bí gìrì bá mú ẹni tí omi ti kún orí rẹ̀ láàárín igbó, ta ló fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́? A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lọ sílé o. Ìdí tó dáa wà téèyàn fi lè lọ. Ìtànṣán fún glioblastoma sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó lè jẹ́ pé Ìbàdàn ni ìyàwó àti ọmọ wà tó máa tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtànṣán níbì kan ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kí tibòmíì má ṣiṣẹ́. Ẹ pè kẹ́ ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa lọ, kó lọ pẹ̀lú ìmọ̀. Kó mú fíìmù dání, kó mú èsì láàbù dání, kó sì béèrè fún ẹran tí wọ́n dà mọ́ inú ìda yẹn, torí òun ni ọsibítù kejì máa tún yẹ̀ wò láì tún la orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ku èyí tó le jù: ta ló yẹ kó gbọ́?

Láàárín wa, bí èsì bá dé, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí àkọ́bí rẹ̀ á tẹ̀ lé dókítà wọ inú yàrá, wọ́n á pa ohùn mọ́lẹ̀, wọ́n á jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Bàbá, wọ́n ní ẹ máa yá, ẹ máa lo oògùn yín." Gbogbo ilé ti mọ̀, aládùúgbò ti mọ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé ti mọ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn nìkan ni kò mọ̀.

A mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n ní tí èèyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ á pa á kí àrùn tó pa á. Wọ́n tún ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu ló fi ẹnu fà á. Àánú ló wà nídìí ẹ̀, a ò lè bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bàbá tó ń ta páàtì mọ́tò, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní Gusau àti ẹni tóun jẹ ní Kano, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọpọlọ yẹn gan-an ni àrùn ń jẹ, ìgbà wo ló fẹ́ sọ? Glioblastoma kì í dúró kéèyàn múra. Ó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó lè gba ìrántí, nígbà tí èèyàn ṣì wà láàyè. Ìwé ilẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló mọ ibi tó fi pamọ́ sí? Iyàwó méjì, ọmọ méje, àdéhùn wo ló wà láàárín wọn? Ọmọ tó ti bá a jà láti ọdún pípẹ́, ṣé kì í ṣe àsìkò yìí ló yẹ kó pè é? Ìjà ogún tí à ń rí lẹ́yìn ìsìnkú, inú àṣírí tí wọ́n fi àánú pa mọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àrùn là á wò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo àrùn gbọ́dọ̀ mọ irú àrùn tó ń wò. Sísọ òótọ́ fún èèyàn kò túmọ̀ sí ká kó nọ́ńbà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í: "Bàbá, kí lẹ mọ̀ nípa àìsàn yìí? Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, àbí ẹ fẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbọ́?" Tó bá ní kẹ́ ẹ bá òun gbọ́, ìpinnu tirẹ̀ nìyẹn, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Tó bá ní òun fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́, pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé mímọ́ tirẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ohun tá a wá ń bẹ ẹgbẹ́ wa gbogbo ní Sókótó ni èyí, ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ àdúrà. Nígbà tí a bá ń dá owó fún aláìsàn, ẹ jẹ́ kí owó àyẹ̀wò láàbù wà lára ohun àkọ́kọ́ tá a máa san, kó má jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ ká yan ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ èdè ọsibítù, nọ́ọ̀sì, tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́, kó máa tẹ̀ lé ìdílé wọlé, kó sì kọ ìbéèrè mẹ́rin yìí sínú ìwé: Irú kókó wo ni, ìpele mélòó? Kí ni pathologist rí? Kí ni ìtọ́jú tó wà fún un níbí, kí ló sì máa fi kún ayé rẹ̀? Kí la lè ṣe kí ìrora má pọ̀? Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè kẹrin yẹn o. Níbi tí ọjọ́ ò ti ní pọ̀, kí orí má fọ́ ọ, kí gìrì má mú un, kó rí ojú ọmọ rẹ̀, kó rí ìka ẹni tó fẹ́ràn dì mú, ìtọ́jú gidi nìyẹn náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà nínú wa lẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí bí ẹ̀yin bá sọ pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún yín lọ́jọ́ tó bá kàn yín, àwọn ọmọ yín ò ní bẹ̀rù mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lálẹ́ òní tẹ́ ẹ bá jẹun tán.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ nínú ilé wa. Bó bá sì dé, kó bá wa pẹ̀lú ìmọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tiwa, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ire o.